Nọ́ńbà Ìyàwó Mi Ló Wà Lórí Káàdì Wọn

Fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, mo ń ṣájì fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mi ò retí ìpè ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ́ mi lára ni. Nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, ní ìhà Àmùkòkò, iná lè lọ kó má dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Níbi iṣẹ́ mi ní Wharf Road, jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń wọ bàtà, ìyàwó mi á na fóònù rẹ̀ sí mi, èmi á fi í sínú báàgì. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, màá gbé e lé e lọ́wọ́. A kì í sọ nǹkan kan lórí rẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, báàgì ṣì wà, ọ̀nà ibi iṣẹ́ ṣì wà, mo sì ń gbé fóònù náà lọ, mò ń gbé e bọ̀. Ojú fèrèsé, lápá ibi tó máa ń sùn sí, ni mo ń gbé e sí.

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró sẹ́nu géètì ọgbà kan tí wọ́n ń kó kọ̀ntẹ́nà sí, kí n máa kọ nọ́ńbà èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Ara kọ̀ntẹ́nà ni mo ti mọ nọ́ńbà kí n tó mọ ìwé. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà, láàárín àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n ń fi ìka tọ ABD. Ìyàwó mi ló tì mí lọ. Ó ní ẹni tó bá lè ka ara kọ̀ntẹ́nà lè ka ohunkóhun.

Ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wa kò jìnnà sí kánàálì. Sẹ́ńtà ni gbogbo wa ń pè é. Káàdì pépà ni wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kó wọn sínú páálí bísíkíìtì lábẹ́ wíńdò. Lọ́dún kan, omi kánàálì wọlé. Gbogbo káàdì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi. Ẹni tó ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà di àlejò. Mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìkún omi náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í pé, “Mélòó ni ẹ̀jẹ̀ yín nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, Màmá?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì.”

“Omi ti gbé e lọ. Oògùn wo lẹ ń lò?”

“Funfun kékeré.”

“Màmá, gbogbo oògùn ló funfun.”

“Èyí tí mò ń wí yìí tún kéré sí i.”

Gbogbo àwa tí a jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní funfun kékeré kan, a sì lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni, ó tó ìwọ̀n ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń kọ nǹkan sí, wọ́n sì ń pè é ní tábì. Ohun gbogbo tí wọ́n ń kọ sórí káàdì ló wọ inú rẹ̀. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ku ọ̀la, tábì náà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Tí èèyàn kò bá lọ, á tún ránṣẹ́. Ó kàn fẹ́ kí olúkúlùkù mú nọ́ńbà fóònù wá ni.

Ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ìyàwó mi kó àwọn obìnrin ilé wa lọ. Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé náà, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Ìyàwó mi ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ dé iwájú tábìlì, wọ́n bi í ní nọ́ńbà, ó ní, “Ẹ kọ ti Màmá,” ìyẹn ìyàwó mi. Fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé wọn, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e kiri. Èkejì ní ti Màmá. Fóònù tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n gíláàsì ojú fóònù náà ti fọ́. Ẹ̀kẹta kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun máa ka ọ̀rọ̀ ara òun. Títí wọ́n fi pé mọ́kànlá.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ṣé Màmá nìkan ló ní fóònù ládùúgbò yín ni?”

Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, “Fóònù pọ̀, nọ́ọ̀sì. Ẹni tó máa gbé e ló wọ́n.”

Wọ́n bi wọ́n pé èdè wo ni wọ́n fẹ́. Ìyàwó mi ní Yorùbá, kí òun lè kà á fún wọn bó ṣe wá gan-an. Nọ́ọ̀sì sì ṣàlàyé pé àwọn kì í kọ orúkọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí àṣírí aláìsàn má bàa tú. Nọ́ńbà káàdì kékeré tí wọ́n fún olúkúlùkù nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ìyẹn kò di ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó mọ nọ́ńbà káàdì gbogbo wọn sórí.

Bó ṣe rí nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá gbé fóònù dé, á ka ohun tó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wa, á fi kan ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa ń kàn án.

“Sẹ́ńtà ń pè ẹ́ o. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún padà wá.”

“Màmá, ẹ̀yin àti sẹ́ńtà yìí, ta ló bí èkejì?”

“Èmi ni mo bí i. Dìde níbẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ṣubú lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń pọn omi. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gbé e dé ọsibítù, kò sì padà wálé. Àwọn ọmọ wa wá láti ibi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n padà síbi iṣẹ́ wọn. Àwọn ará ilé ń gbé oúnjẹ wá fún mi títí wọ́n fi rí i pé mo ti ń se é fúnra mi.

Fóònù rẹ̀ kò dákẹ́. Á dún lẹ́ẹ̀kan, á dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé àwọn tí kò tíì gbọ́ ni. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún wọn. Mo ń ṣájì rẹ̀, mi ò ṣí i.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. A wà lẹ́nu géètì, èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wa kó máa yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Kò tíì mọ nǹkan kan nípa mi.

Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbé e. Ìyàwó kékeré ń sunkún nínú báàgì.”

Àwọn awakọ̀ tírélà tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Bàbá yìí tó jẹ́jẹ́! Àwọn tó jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni.”

Mo ní, “Ti ìyá ilé mi ni. Ó ti kú.”

Ẹ̀rín dá. Ọ̀dọ́kùnrin náà ṣí fìlà. “Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀, sà.” Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n, sà, ta ló wá ń pè é?”

Mo yọ fóònù náà, mo ṣí i.

Kì í ṣe ẹni tí kò tíì gbọ́. Sẹ́ńtà ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ọmọ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ti tán. Mo ń kà wọ́n bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí mo ṣe ń ka ara kọ̀ntẹ́nà, títí mo fi kan nọ́ńbà kan tó ń tún ara rẹ̀ wí. Káàdì 417: èsì ìtọ̀ yín ti jáde, ẹ wá rí nọ́ọ̀sì. Káàdì 417: ẹ kò tíì wá. Àwọn mẹ́ta tó dún láàárọ̀ ọjọ́ náà, tirẹ̀ ni gbogbo wọn: Káàdì 417, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá lónìí. Bí orí bá ń fọ́ yín, tàbí ojú yín ń ṣú, ẹ má dúró.

Mo pe nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́. Ohùn kan ní nọ́ńbà náà kò ṣeé pè. Ẹ̀rọ yẹn lè sọ̀rọ̀, kò ní etí. Mo sì mọ̀ pé ara àwọn obìnrin ilé wa ni 417 wà, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí.

Mo gbé ìwé mi fún ọ̀dọ́kùnrin náà. Mo ní, “Bá mi kọ ọ́. Má fo nọ́ńbà kankan.”

“Ẹ máa lọ, sà. Mi ò ní fò ó.”

Mo fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn tírélà títí mo fi rí kẹ̀kẹ́ márúwá tó gbé mi dé Bọ́ńdìrì, ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa. Mo sáré ìyókù. Ó pẹ́ tí mo ti sáré kẹ́yìn.

Mẹ́ta nínú àwọn obìnrin náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní kí wọ́n mú káàdì sẹ́ńtà wọn jáde, kí wọ́n pe àwọn tó kù.

Èyí tó ń ránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wò mí láti òkè délẹ̀. “Bàbá sọ̀rọ̀! Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé ilé yìí, èyí ni mo gbọ́ tó gùn jù lẹ́nu yín.”

“Lọ mú káàdì wá.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ gbẹ̀bí ni?”

Nígbà tó rí ojú mi, ó wọlé lọ mú un. 409. Ẹnìkejì rẹ̀, 411. Ẹ̀kẹta, 420. Àwọn mìíràn jáde wá, mo ń wò wọ́n, kò sí èyí tó jẹ́ òun. Aránṣọ náà wá wo ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ìyàwó onítírélà,” ó ní. “Kò tíì jáde láti àná.”

Yàrá tó kẹ́yìn ni. Ìyàwó awakọ̀ tírélà kan ni ọmọbìnrin náà, oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ló mú un lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí oyún náà ṣì kéré. Ọkọ rẹ̀ ti gbé ẹrù lọ sókè Ọya láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn náà. Mi ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí nílé náà. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mi, mo fi kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ohùn kan ti inú ilé wá pé, “Màmá?”

Àwa tí a wà níta kò lè wo ojú ara wa.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ó fi gèlè di orí pinpin, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé kò rí bàtà wọ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, mo dá a dúró.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti sùn lọ. Orí ló ń fọ́ mi.”

“Káàdì rẹ dà?”

Ó yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, inú ọ̀rá ló dì í sí. 417.

“Sẹ́ńtà ń wá ẹ. Kí ló dé tí o ò lọ?”

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni òun lọ, wọ́n gba ìtọ̀ òun, wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́. “Wọn ò ránṣẹ́, sà. Mo wá rò pé nǹkan ti dáa ni. Nígbà tí Màmá wà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.”

Èmi àti aránṣọ náà la mú un lọ.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ kí a tó jókòó. “417! A ti ránṣẹ́ títí ó fi sú wa. Ẹ̀yin aboyún òde òní, tẹ́ ẹ bá ti ní fóònù tán, ẹ ò ní kà á!” Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá. Nígbà tí nọ́ńbà yọ, ó tú ẹ̀rọ náà kúrò. Ó tún un ṣe. Ó gbé tábì, ó fi hàn mí. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń gùn bọ̀ bí àtẹ̀gùn. Gbogbo ìgbà tó ti wá ló wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ọsibítù ńlá ni. Lójú ẹsẹ̀.”

Ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ó ní àwọn tó wà lọ́sibítù náà ti ń rí ohun tí òun ń rí. Òótọ́ sì ni. Nígbà tí a débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi ọmọbìnrin náà pé mélòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wá kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì ti wà. Mo ronú nípa páálí bísíkíìtì, àti funfun kékeré.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò ní sẹ́ńtà, bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀, nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Bàbá, ta ló ni nọ́ńbà tó wà lórí káàdì yìí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa wo fóònù.”

“Ó ti pé oṣù mẹ́fà tó ti kú.”

Ó gbé tábì sílẹ̀. “Màmá? Màmá tó máa ń kó wọn wá?” Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.”

Mo ní, “Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.”

Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ inú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Obìnrin ni, ó kéré bí ọwọ́ méjì tí èèyàn pa pọ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó dá òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ dé láti òkè Ọya, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò fẹ́ dìde. Mo ní kó dìde, kó lọ wá fóònù fún ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ pàtẹ́wọ́.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó kù nínú fóònù náà, àwọn èyí tí ìyàwó mi ti ṣí fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ mọ nọ́ńbà káàdì olúkúlùkù ni. Nípa bẹ́ẹ̀ ni mo fi kan 402. Káàdì 402: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti tán. Káàdì 402: ẹ kò tíì wá gba oògùn yín. Mẹ́rin ni. Mo ṣí àpótí rẹ̀, mo mú káàdì rẹ̀ jáde, mo wò ó. 402.

Ó ti kà wọ́n. Láwọn àárọ̀ yẹn kan náà, ó ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ni ì bá kan ilẹ̀kùn tirẹ̀? Inú yàrá kan náà ni mo wà. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá láti Wharf Road nínú báàgì mi, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mi ò sì bi í pé, kí ni wọ́n wí?

Mo padà lọ sí sẹ́ńtà. Mi ò mọ bí a ṣe ń bá àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ sọ̀rọ̀ pẹ́, nítorí náà mo sọ ọ́ ní kúkúrú. Mo ní ẹ̀rọ wọn dára. Mo ní ó bi wá ní nọ́ńbà, kò bi wá pé ta ni yóò kan ilẹ̀kùn, àti pé bí ẹni yẹn kò bá sí, ta ló tún kù. Mo ní bí èèyàn bá pè é padà, kó jẹ́ pé ẹnìkan á gbé e. Nọ́ọ̀sì fi ìka wá gbogbo ojú tábì náà.

Ó ní, “Àyè rẹ̀ kò sí níbí, Bàbá. Àwọn tó ṣe é kò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.”

Ó ní òun á sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá òun. Bóyá ó ti sọ ọ́, mi ò mọ̀. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ni pé ó gé pépà kan, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tábì náà. Ó kọ nọ́ńbà ilé wa síbẹ̀, ó kọ “Bàbá Ilé” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tèmi. Ó bèèrè bóyá kí òun pa ti ìyàwó mi rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ṣì ń ṣájì rẹ̀ lójoojúmọ́.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin náà ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi Màmá, mo kàn ń kàn án ni, mi ò ń bá wọn jà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ tuntun náà, mo tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti wá, kí n na apá. Mo na apá. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ tèmi náà kò dára. Ó ṣí ojúewé tuntun fún mi nínú tábì, ó bi mí ní nọ́ńbà fóònù, mo sọ ọ́. Ó wá yí tábì náà sẹ́yìn, sí ibi tí pépà wà.

“Ta ló máa kan ilẹ̀kùn yín, Bàbá?”

Àwọn ọmọ mi jìnnà.

Ìyá ọmọ tuntun gbé ọmọ sí apá kejì. “Ẹ kọ tèmi, nọ́ọ̀sì. Ọkọ mi ti ra fóònù.” Ó kọjú sí mi. “Ẹ ò sì ní lè sọ pé ẹ ò gbọ́, sà. Kọ́kọ́rọ́ ni màá fi kàn án.”

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi nírọ̀lẹ́, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ bí ìyàwó mi ṣe gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kejì. Mo ti wọ bàtà kan, mo ń wá èkejì, nígbà tí mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

“Bàbá, sẹ́ńtà ń pè yín o. Nọ́ọ̀sì ti pè mí.”

Mo ní mo ń bọ̀. Kò lọ. Mo ń gbọ́ ọmọ náà tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, títí mo fi rí bàtà kejì, tí mo ṣílẹ̀kùn.